Yàrá Tí A Kò Gbọdọ̀ Ṣí Fèrèsé Rẹ̀

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun nìwọ̀nyí: ojú òsì ìyàwó mi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, tí mo dìde lọ wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo tì í. Òjò tó ń ṣú tí kò rọ̀, àti òrùlé wa tó ń dúró dè é. Ẹ̀jẹ̀ mi tó ń ru. Ọmọ wa obìnrin, tó ní òun yóò pè lálẹ́ àná tí kò pè. Àti ojú òsì ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Òun náà ló ń padà wá.

Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi ọ̀bẹ ha ìda tó gan mọ́ ara àwọn ọ̀pá àbẹ́là idẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ọdún Àjíǹde ń bọ̀, kì í sì í gbà kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn wọ́n. Nǹkan kan ta láti ara idẹ náà, ó bọ́ sí i lójú. Ó fi omi ṣàn án, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó wá sílé, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ará ìjọ ti ń pè é ní Ìyá Fìtílà. Bóyá ó rò pé ohun tó bá jáde lára ọ̀pá fìtílà kò lè ṣe òun níbi.

Ojú náà ti pọ́n. Lónìí mo rí ààmì funfun kan lórí dúdú ojú náà, kò tó ẹyọ ìrẹsì kan. Mo ní ká lọ rí dókítà. Ó ní, "Bàbá Ń-kọ́-Bí, ẹ tún ti dé." Orúkọ tó sọ mí nìyẹn, nítorí pé bí òun bá ní ká lọ síbì kan, èmi a ní, ń kọ́ bí òjò bá rọ̀?

Mo ní, "Ń kọ́ bí ojú náà bá fọ́?"

A ń lọ lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Ilé ìwòsàn ojú. A jókòó títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ọmọbìnrin ni dókítà náà, ó kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ó wá pè wá wọlé fún ọ̀gá rẹ̀ ni.

Ó wo ojú náà pẹ́. Ó ní, "Ìyá, egbò ló wà lójú yín, kòkòrò sì ti wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Bó yún yín, bó ta yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má fọwọ́ ra á. Bó bá bẹ́, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn."

Ó fún wa ní ìgò oògùn méjì. A óò máa kán ọ̀kan ní wákàtí wákàtí. Èkejì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, èyí ni yóò mú kí ọmọ ojú náà là sílẹ̀ gbagada, tí kò ní lè pa ara rẹ̀ dé bí ìmọ́lẹ̀ bá dé. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá tó bá wà. Ojú ọ̀tún tó dára pàápàá, bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, òsì ni yóò jẹ ìrora rẹ̀.

Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé òkùnkùn máa ń wo èèyàn sàn ni?"

"Oògùn ni yóò wò ó, bàbá. Òkùnkùn ni yóò jẹ́ kó lè sinmi."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ni wọ́n fẹ́ fi sínú òkùnkùn. Èmi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Bíríkìlà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá bá mi dí fèrèsé. Páálí méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀wù òtútù mi àtijọ́ tó nípọn, a fi ìṣó kàn án mọ́ férémù. Mo ní kó dí ihò kọ́kọ́rọ́ náà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ti mú kí ìyàwó mi pariwo láàárọ̀. Mo ní kó wo òkè ilẹ̀kùn. Mo ní kó tún wo òkè ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ìyá lẹ fẹ́ tọ́jú ni àbí ẹ fẹ́ fi wọ́n pamọ́ fún ọlọ́pàá?"

Láti inú yàrá, ìyàwó mi ní, "Ọmọ mi, bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kí n máa mí."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn, tí mo sì fi aṣọ ìnura dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín náà tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ tan àwọn fìtílà ní ṣọ́ọ̀ṣì dípò rẹ̀. Ó ti kọ́ mi kí n tó jáde: láti apá òsì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A kì í fi ẹnu fẹ́ àbẹ́là, a máa ń fi ìdérí pa á ni. Àbẹ́là kẹta kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń rò ó pé ìmọ́lẹ̀ tí mo ń tàn fún gbogbo ìjọ yìí, bí orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá wọ yàrá wa, obìnrin tó ti ń tàn án láti ọgbọ̀n ọdún yóò ké.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Mo ti mọ bí a ṣe ń kán oògùn nínú òkùnkùn. Mo so òwú mọ́ ọrùn ìgò ti ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ kí n má baà ṣì í. Ìka kékeré mi ni mo fi ń wá egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi kan ìpéǹpéjú.

"Imú mi nìyẹn, Bàbá."

"Dákẹ́, kí n ríbi tí mo ń lọ."

"Ẹ̀yin náà ò ríbi kankan. Àwa méjèèjì ò ríbi kankan."

Lẹ́yìn tí mo kán an, mo jókòó tì í. A kò tíì jókòó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú òkùnkùn ohùn rẹ̀ kò gbó.

Ọjọ́bọ̀, 3

Òjò. Òrùlé jo níbi tí mo rò pé yóò jo. Ó kéré tán, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5

Ìròyìn ayọ̀ lọ́dọ̀ dókítà: egbò náà ti ń kéré. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo tún bi í. Ìyàwó mi ní, "Dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè máa kà á kí wọ́n tó sùn."

Ní ọ̀sán Ìyá Ìjọ wá, olórí àwọn obìnrin inú ìjọ wa. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi ni láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní ọmọge. Ó gbé oúnjẹ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé.

Ó ní, "Ìyá Fìtílà, ṣé ibí lo wà? Nínú ibojì yìí?"

"Ibí ni mo wà. Wọlé, jókòó. Má tẹ Bàbá mọ́lẹ̀, wọ́n wà lórí àpótí."

Kò jókòó. Ó fà mí sí pálọ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìmọ́lẹ̀ ni àwa. Ọmọ ìmọ́lẹ̀ kì í sùn sínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, ẹ mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà sọ tirẹ̀. Ta ló sọ ti Ọlọ́run?"

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ láti kékeré ni ó ń sọ: ìmọ́lẹ̀ ni òdodo, òkùnkùn ni ẹ̀ṣẹ̀. Ó gbọ́n jù mí lọ nínú Bíbélì. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi ó sì jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Ìyàwó mi sunkún láàárọ̀. Ó gbìyànjú kí n má gbọ́. Mo bẹ̀rù pé omijé yóò fọ oògùn dànù, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí kò yẹ kí n sọ nìyẹn.

Ó ní, "Kì í ṣe ìrora ni. Bí mo bá gbàdúrà, n kò rí ẹni tí mo ń gbàdúrà sí mọ́. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń wo iná orí pẹpẹ, ọkàn mi a sì kó jọ. Níbí, ṣe ni ọkàn mi ń kiri bí ewúrẹ́ tó já."

Mo lọ jókòó sí ilé ìdáná níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo ń ṣí Bíbélì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo rí i pé ayé ti wà nínú òkùnkùn, Ẹ̀mí sì ti wà lórí omi náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ rárá. Mo rí ibi tí àwọn èèyàn ti dúró lókèèrè nítorí ẹ̀rù, tí Mósè nìkan sì wọ inú òkùnkùn biribiri lọ, nítorí pé inú ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run wà. Mo ti ń gbọ́ ìwàásù láti bí ọgọ́ta ọdún, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lórí èyí.

Mo lọ sọ fún un. Ó wá ní, "Ẹ ti di oníwàásù nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo péré kù tó ń gbọ́ yín."

Ṣùgbọ́n ó ní kí n tún ti Mósè sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

N kò lè kọ nǹkan kan lánàá.

Oògùn ti wákàtí wákàtí ti fẹ́ tán. Ìyá Ìjọ dé pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ àdúrà, ó ní kí n lọ rà á, àwọn yóò dúró tì í. Inú mi dùn, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo fi ibi tí mo ń gbé ìgò sí hàn án. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí fèrèsé o."

Ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ. Àwa kì í ṣe ọmọdé."

Kò sí oògùn náà ní ilé oògùn àkọ́kọ́. Mo rí i ní ìkejì. Owó rẹ̀ ti fò sókè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ń tà á ní kí n máà bínú, gbogbo nǹkan ló gbówó lórí. Mo ń sáré bọ̀ bí àgbàlagbà ṣe ń sáré. Láti ìyànà ni mo ti rí fèrèsé wa. Ó mọ́lẹ̀ gbòò. Páálí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta. Wọ́n ti ká ẹ̀wù òtútù mi dáadáa, wọ́n gbé e lé e lórí.

Àbẹ́là wà lórí tábìlì, lórí àpótí tí mo máa ń jókòó sí, lórí ilẹ̀ yí ibùsùn ká. Orin ni wọ́n ń kọ. Ìyàwó mi jókòó, ó tẹ orí ba, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ojú òsì mọ́lẹ̀. Ìyá Ìjọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Gbójú sókè, wò ó, ọ̀rẹ́ mi, ìmọ́lẹ̀ rẹ nìyí, wò ó."

Ẹnu ni mo fi fẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo fi ara mi dí fèrèsé.

Ìyá Ìjọ ní, "Bàbá, nǹkan burúkú náà ń jáde ni. Ẹ jẹ́ kó jáde."

Ohun tó ń jáde ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé àgbọ̀n. Kì í ṣe omijé.

Nínú takisí, ìyàwó mi fi orí rẹ̀ sí mi léjìká. Ó ní, "Ẹ má bá wọn jà. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí i. Wọ́n bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ rí iná. Nígbà tó dé, ó dà bíi kí wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lójú. Ọwọ́ mi ló lọ fúnra rẹ̀."

Ojú náà ti bẹ́. Dókítà ṣe ohun tó lè ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Bíríkìlà ti bá mi dí fèrèsé padà. N kò lọ sí ìsìn. Mo gbọ́ orin wọn láti ilé ìdáná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

N ó kọ ọ́ bí dókítà ṣe sọ ọ́, kí n má baà fi ẹ̀rù tèmi lé e.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú òsì náà. Ìyàwó mi kò mira. Ó tún tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Ó pa á. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́, mo sì mọ̀ láti inú bó ṣe wẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Bàbá, ẹ lè ṣí fèrèsé báyìí."

Mo ní, "Ṣé ó ti sàn ni?"

"Rárá, sà. Òkùnkùn ò lè ṣe é lóore mọ́ ni."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó burú jù. Ojú méjèèjì dà bí ìbejì lójú ara. Bí ọ̀kan bá ya báyìí, tí a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ara lè dìde sí i bí ẹni rí olè, ìjà náà sì lè dé ọ̀dọ̀ èkejì, nítorí pé ara kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe. Ẹni tó bá ṣe lè fọ́ lójú méjèèjì. Ọ̀nà tó dájú ni kí a yọ èyí tó ti kú kúrò, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé láti ọjọ́ tó bẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní olú-ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó ti pè wọ́n, wọ́n ní ibùsùn yóò ṣí sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kan ṣáájú kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé. Kò sí èyí tó yá jù bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ojú mi ò kú. Mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́."

Dókítà wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo ní kí n ká páálí kúrò. Ó ní, "Ẹ fi í síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí fèrèsé yẹn ti sìnkú ojú mi."

Ọjọ́bọ̀, 17

Ọmọ wa pè. Ó pariwo mọ́ mi lórí fóònù. "Bàbá, ẹ mú wọn lọ ni. Ẹ má bi wọ́n. Ẹ̀yin ẹ máa ń bẹ̀rù ohun tí ò ṣẹlẹ̀, èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ wá ń wò."

Mo ní, "Ojú rẹ̀ ni. Kì í ṣe tèmi."

Ó wá ní, "Ẹ máà bínú sí mi, sà."

Àlùfáà wá lọ́sàn-án. Mo rò pé yóò bá mi sọ fún un. Ó jókòó nínú òkùnkùn pẹ̀lú wa, ó gbàdúrà kúkúrú. Ìyàwó mi bi í pé, "Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, tí Ọlọ́run sì fẹ́ là á lọ́la ń kọ́?" Ó ní, "Ìyá, n kò mọ̀." Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún un, mo sì bínú sí i. Ẹni tí a pè pé kó wá gbé fìtílà dání ló ní òun náà kò ríran.

Gbogbo ìgbà tó bá ti jí ni mo ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ wo ojú ọ̀tún rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bóyá ó ti pọ́n. Mo ní kó ka ìka mi. Ó ní, "Márùn-ún. Bí ti àná. Wọn ò tíì hù sí i."

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 18

Ní aago mẹ́ta, bí a ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, a pa gbogbo iná ilé ìsìn. Iṣẹ́ ìyàwó mi ni, èmi ni mo ṣe é. Nígbà tí mo pa èyí tó kẹ́yìn, tí wọ́n sì ti bo àwọn fèrèsé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ẹnì kan tan fóònù rẹ̀, wọ́n ní kó pa á. Ọmọ kan sunkún.

Ara kò fu mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo mọ bí a ti ń jókòó nínú rẹ̀ báyìí.

Mo wá rò ó pé kò sí ẹni tó rí Olúwa nígbà tó jí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí àwọn obìnrin gbéra, nígbà tí wọ́n sì débẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Inú ihò àpáta tí a fi òkúta dí ni ó ti ṣẹlẹ̀, níbi tí fìtílà ẹnikẹ́ni kò dé. Àmọ́ òkú náà wà nínú ibojì kí ó tó jí. Wọ́n sin ín. Wọ́n gbà pé ó ti kú. N kò mọ bí n ó ti sọ ìyẹn nílé.

Ìyá Ìjọ wà lẹ́yìn. Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, 20

Mo tan iná tuntun ní àfẹ̀mọ́jú, mo rìn wọlé pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ìjọ sì fi orin dáhùn. Mo délé pẹ̀lú àbẹ́là tèmi lọ́wọ́, mo ti pa á lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyàwó mi ní, "Mo gbọ́ òórùn ìda. Ẹ mú un wọlé. Ẹ tàn án."

Mo kọ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ní kí ẹ tàn án."

Ó fi aṣọ di ojú ọ̀tún rẹ̀, ó tún fi ọwọ́ lé e. Ó ní kí n dúró sí ibikíbi tí ó bá wù mí, kí n gbé iná náà sókè, kí n má sọ̀rọ̀. Òun yóò nàka sí i.

Mo bọ́ bàtà mi kó má baà gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó nàka sí ọ̀nà fèrèsé.

Mo mọ ohun tí mo lè ṣe. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni. Mo lè rìn lọ síbi tó nàka sí, kí n sì ní, bẹ́ẹ̀ ni, ibí ni. Yóò sùn lóru yìí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra. Mo sì rò ó pé bí mo bá rìn ín, ojú ọ̀tún ni mo ń rìn lé lórí.

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ sún un."

Mo sún un. Ó tún nàka. Mo ní, "Kò sí níbẹ̀."

Ìgbà kẹta, ó ní kí n gbé e súnmọ́ òun. Mo súnmọ́ ọn títí tí ooru rẹ̀ fi kàn án lójú. Ó mọ̀ ọ́n lára. Ó ní, "Iwájú mi gan-an lẹ wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò dùn mí."

Mo di àbẹ́là náà mú síbẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tó ń dùn mí, ó ṣì wà láàyè. Ṣé ẹ rántí? Ihò kọ́kọ́rọ́ lásán, mo pariwo. Èyí ni gbogbo iná Àjíǹde níwájú mi, kò dùn mí rárá." Ó mí kanlẹ̀. "Èyí tí mo ń rí, ọkàn mi ló ń tàn án fún mi."

Ìda ń kán sí mi lọ́wọ́. N kò mọ̀ títí tó fi jó mi.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tú aṣọ ojú ọ̀tún. Ó ní, "Ẹ ká páálí yẹn kúrò."

Ìṣó náà le, Bíríkìlà kàn wọ́n bí ẹni kan pósí. Nígbà tí oòrùn wọlé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú tó dára. Ó ń wo yàrá náà yíká. Eruku wà níbi gbogbo. Ó ní, "Irú ibi tí ẹ ti ń jẹun nìyí?" Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ oògùn kankan.

Ọjọ́ Ajé, 21

Ìyá Ìjọ wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ó kọ̀ kò dìde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun tí mo retí ló sọ. Ó ní òun ń gbààwẹ̀, òun ti rí i lójú oorun pé ojú náà là, kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wọn.

Mo ti ya ẹnu láti lé e jáde. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ sókè sí mi.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ọ̀tún sì bá a lọ, ta ni yóò máa mú mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni. Lójoojúmọ́."

"Mo mọ̀. Nítorí náà ni n kò fi ní fún ọ. Ìwọ yóò kú sínú rẹ̀. Dìde, orúnkún rẹ ò dára."

Ìyá Ìjọ kò dìde. Ó ní, "Èmi ni mo fọ́ ojú rẹ."

Ìyàwó mi kò ní rárá, kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ sí i, ìyẹn sì dì í mú. Wọ́n pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ilé ìdáná. N kò tíì dárí jì í. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà purọ́ fún ara mi bí mo bá ń gbàdúrà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Mo ti pe dókítà, ó ti pe olú-ìlú, ibùsùn náà ṣì wà. Ọmọ wa yóò pàdé wa ní gáréèjì. Bíríkìlà yóò máa wo ilé àti òrùlé. Ìyá Ìjọ ní òun yóò máa tan àwọn fìtílà títí a ó fi dé. Ìyàwó mi kọ́ ọ láti orí ibùsùn: apá òsì ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ọ̀tún kò pọ́n. Mo wò ó láàárọ̀, mo wò ó lọ́sàn-án.

Mo ń di ẹrù nígbà tó ní, "Bàbá, ń kọ́ bí mo bá jí, tó sì jẹ́ pé ọ̀tún ni wọ́n yọ?"

Oríṣiríṣi ẹ̀rù ni mo ní, èyí kò sí nínú wọn. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní n ó fi yíǹkì fa ìlà sókè ojú òsì rẹ̀, n ó sì sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá kọjá.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà o. Kí wọ́n wo yíǹkì, kí wọ́n má wo ojú yín, wọ́n á rò pé ẹ̀yin ni aláìsàn."

Lẹ́yìn náà ó bi mí ibi tí wọ́n ń gbé ojú náà sí bí wọ́n bá ti yọ ọ́ tán. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ̀. Mo ṣèlérí pé n ó béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà mí láti gbọ́ èsì rẹ̀.

Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni a óò wọ̀, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, apá ọ̀tún, kó lè máa wo ìta. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin, ni a óò gbéra.